Ẹ̀pà Inú Ẹ̀dọ̀ Muqtadir

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún, 2024

Ẹlẹ́pà mi — mo rí ọ lónìí. Dókítà Monica pe èmi àti Àǹtí Fàrídà, ẹ̀gbọ́n rẹ, síbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí. Ẹ̀dọ̀ rẹ tí wọ́n gé bíńtín kó o tó kú, tó o ní kí wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́, ó wà lórí gíláàsì. Mo fojú sí ẹ̀rọ. Òkùnkùn. Àpá ń tàn nínú rẹ̀ bí okùn, àwọ̀ ewé. Ó rẹwà. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Dókítà ní oje kan tí wọ́n yọ lára ẹ̀pà ni wọ́n fi kùn ún. Lẹ́kítìnì ló pè é. Á wá irú ṣúgà kan lára ẹ̀dọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn. Aró tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń tàn. Wọ́n fẹ́ mọ bí ṣúgà yẹn ṣe ń yí padà bí ẹ̀dọ̀ bá ń di àpá.

Ẹ̀pà, Muqtadir! Ìwọ náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Àǹtí Fàrídà ti sọ fún gbogbo àdúgbò Olówógbowó pé wọ́n bá ẹ̀pà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ.

Jímọ̀, 10

Ìyá rẹ bi mí níṣojú gbogbo ilé: ta ló ń yan ẹ̀pà fún un? Wọ́n kúkú mọ̀. Nígbà tó o kọ gbogbo oúnjẹ, òun nìkan lò ń gbà lọ́wọ́ mi. Màá bó o, màá fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n fi kun ẹ̀dọ̀ náà ni."

"Wọ́n fi kùn ún? Ọmọ mi ni ògiri?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí Fàrídà ní ọkọ ń rù, ìyàwó ń sanra.

Wọ́n ní mo ti jáde opó, kí n kó lọ kí Iléyá tó dé. Ubaydullah ọmọ wa á dúró. Ọmọ wọn ni, wọ́n ní.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo padà lọ bá Dókítà. Ó ní àpá yẹn dàgbà ju ìgbéyàwó wa lọ. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ ló fà á, ó sì jọ pé ara ìyá lo ti kó o, níbi ìbí, nínú ẹ̀jẹ̀. Mo béèrè: ọmú ńkọ́? Ó ní rárá, kì í ṣe ọmú. Ìyá ò sì lè mọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Jímọ̀, 17

Mi ò fara balẹ̀.

Wọ́n ti kírun Jímọ̀ dé, àgbàlá kún. Ìyá pè mí ní apani. Mo ní, "Ara yín ló ti kó o, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ bí ikú mọ́ ọn."

Àǹtí Fàrídà, tí ìyá kan náà bí yín, fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Kò sẹ́ni tó dárúkọ kíkó jáde mọ́.

Ọjọ́rú, 22

Ìyá rẹ kan ilẹ̀kùn mi. Kò wọlé. Ó pè mí ní Ìyá Ubay — kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ọmú mi ni? Kò fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Èmi ni mo ń kẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó máa mu ún lọ. Ṣé ọmú yẹn ni?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Mo ń bó ẹ̀pà. Mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ó dúró, ó dúró, ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

Má bi mí, Muqtadir.