"Ẹ Máa Wá" Ni Màmá Télọ̀ Kọ

Kí a tó sọ ibi tí a bí Màmá Télọ̀ sí, ẹbí fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá kẹ́dùn mọ̀ pé Màmá kò kọ "ẹ má wá" rí. "Ẹ máa wá" ni wọ́n kọ. Ọdún 2009 ni, a ò sì tíì gbàgbé.

Ọdún 1951 ni a bí wọn, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Màmá ni àkọ́bí, ẹni tó ń kọ èyí ni àbíkẹ́yìn. Màmá ka ìwé mẹ́fà tán. Ẹni tó ń kọ èyí kò kà á tán, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la wá sọ.

Wọ́n kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní 1970. Ní 1974 wọ́n fẹ́ dírẹ́bà kan, èèyàn jẹ́jẹ́, tó ti ṣáájú wọn lọ. Ẹ̀bá fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá láìkí wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà, kì í sì í pẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe adití.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì dé ẹ̀yìn òpópónà wa, ikọ́ kò jẹ́ kí àwọn ọmọdé sinmi. Ní 2009, Màmá kó nọ́ńbà gbogbo ilé sórí fóònù kékeré kan, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a lọ fẹ̀hónú hàn ní géètì ilé iṣẹ́ náà: "Ola aago meje, e ma wa." Fóònù náà kò ní àmì ohùn. Àbúrò wọn tó ń kọ èyí wà ní ìrìn àjò. Alága àdúgbò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wí pé: "Ẹ ò rí i kà ni? Ẹ má wá ló wí. Wọ́n ti sún un síwájú." Ta ni yóò bá tíṣà jiyàn lórí ìwé kíkà?

Màmá nìkan ló dúró ní géètì. Àwọn máígàdì tì wọ́n ṣubú, apá ọ̀tún tí wọ́n fi ń gé aṣọ sì kán. Alága dé ọsibítù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí èèyàn ò bá mọ̀wé kọ, ṣé kò lè bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni?" Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Ìyá Má-Wá. Kò pẹ́, ọmọ Alága di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ náà. A kì í ṣe òpè.

Màmá kò tẹ lẹ́tà mọ́. Nígbà tí Wasáàpù dé, ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí okùn kànga: "Ẹ máaaa wá o!" Ní 2019 èrò kún ẹnu géètì. A fi fóònù ya èéfín náà, a rán an káàkiri, títí ìjọba fi ti ibẹ̀ pa. Síbẹ̀, orúkọ náà kò kúrò lára wọn.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n kú. Ikọ́ ló pa wọ́n. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì àti èyí tó jogún ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti àbúrò kan tí kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alága ń sọ̀rọ̀ ìtùnú níwájú ilé nígbà tí àbúrò yìí so fóònù Màmá mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo àdúgbò gbọ́ iṣẹ́ olóhùn tí Màmá rán sí Alága kẹ́yìn, èyí tó gbọ́ tí kò fèsì: "Alága, mi ò bínú mọ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún wọn kí n tó lọ."

Alága jókòó. Ó tún dìde. Ó ní, "Ẹ máa wá ni. Mo mọ̀ nígbà tí mo kà á. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí fún ọmọ mi ni mo rò tí mo fi yí i padà."

Ẹ sùn re o, Màmá. Gbogbo wa gbọ́, àfi ẹ̀yin.