Pákó Tí Bàbá Fá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara Ìyá ti ń mókun, orúnkún nìkan ló kù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Irin tí mo fi ń jó àwòrán ẹranko sára pákó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, síbẹ̀ gbogbo oníbàárà Bàbá ló ń fẹ́ ẹkùn mi. "Ìyá Ẹkùn" ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà Bàbá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Oṣù méjì ni mo fi kun pákó kan ní ọ̀dà, àwọ̀ lásán, kò jọ ẹranko, kò jọ ènìyàn. Kò sí iṣẹ́ mi tí mo fẹ́ràn tó o. Mo gbé e ti ògiri kó gbẹ. Bàbá rò pé ibẹ̀ ni mo ti ń nu búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi ìfági fá a mọ́ tónítóní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, mo ti bá ọ tún un ṣe. Ó yá, jó ẹkùn sí i!"

Mo jó ẹkùn sí i. Wọ́n tà á lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ni wọ́n fá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín: ẹ ní kí wọ́n fi pákó kan sílẹ̀ fún mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, ṣe ni mo ń da ojú rẹ̀ délẹ̀, tòun ti ọ̀dà tútù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn yín fọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ yín rẹ́.

Èmi àbúrò yín.