Ojú Tí Mo Kùn fún Eré Aláwàdà

Màámi mi,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní eré aláwàdà wa tọ̀sẹ̀ yìí, ti ìyàwó tí ọkọ ń lù, dùn débi pé ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ tún ní kí gbogbo ìyàwó ilé lọ kọ́ sùúrù lára obìnrin yẹn. Sùúrù wo, Màámi?

Èmi tí mò ń kun ojú fáwọn òṣèré ni mo kun ojú obìnrin náà. Mo jẹ́ kí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, mo fi elésè àlùkò sí i lábẹ́ ojú, bó ṣe máa ń rí tílẹ̀ bá mọ́. Ọ̀gá tó ń darí eré pariwo lé mi lórí: "Ta ló máa rí èyí tó máa rẹ́rìn-ín? Nù ún kúrò! Níbo lo tiẹ̀ ti kọ́ ọ?"

Mo ní iléèwé ni. Mo nù ún títí tó fi dà bíi tìróò tó ṣàn.

Níparí eré, ọkọ obìnrin náà wá ń bẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sínú báàfù aṣọ. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn, eré parí. Irú eré wo lajá ń bá ẹkùn ṣe? Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó kì í ṣubú sínú báàfù!

Ẹ má bínú o, iṣẹ́ ló pọ̀. Ara mi le koko bí ọta. Ẹ bá mi kí Bàámi àtàbúrò mi. Ọkọ mi náà ń kí yín. Òun náà wo eré yẹn, ó rẹ́rìn-ín jù yín lọ.

Ẹ má pè mí lórí fídíò lọ́sẹ̀ yìí, kámẹ́rà fóònù mi tún ti bàjẹ́.

Ọmọ yín.