Ibi Tí Ìyá Àgbà Wà Nínú Ìwé Obì

Mọ́ńdè, 3 Ọ̀kítóbà 1988
Tíṣà Ọláwuyì gbé ìwé tó ń kọ wá fún mi. Bí òwò obì gbàǹja ṣe sọ Ìfọ̀ yìí di ìlú ni. Ó fẹ́ kí mẹkáníìkì àti télọ̀ lè kà á kó yé wọn. Ó ní torí pé ìwé mẹ́fà ni mo kà lòun ṣe yàn mí – kí n máa kà á sókè fún Ìyá Àgbà, ìyá-ìyá ọkọ mi, tójú wọn ti fọ́, kí n sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò bá yé mi. Ojú tì mí. Inú mi dùn.

Túsídeè, 4
"Ìgbòkègbodò káràkátà lábẹ́ ìjọba amúnisìn." Mo fa ìlà. Tíṣà ní báwo ni mo ṣe máa wí i? Mo ní: bí a ṣe ń tà, tí a ń rà, láyé òyìnbó. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́!

Àlàmísì, 6
Ojoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń bi mí: ṣé a ti débi táwọn wà? Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni. Mo ti dá a kà tán. Ọkọ wọn, olóògbé Bùrẹ́ímọ̀, ló kún inú ẹ̀. (Ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pe àwọn àgbà ọkọ lórúkọ. "Bàbá wa" ni mo ń kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà ò létí, mo lè kọ ọ́ síbí.) Ìwé náà ní bàbá yìí ló ń gbé obì wọ réluwéè lọ Kánò. "Àwọn ìyàwó rẹ̀ a máa bá a di ẹrù."
Ọkọ mi ní bàbá ò kọjá Abẹ́òkúta rí, èébì ni réluwéè ń fún wọn. Ìyá Àgbà ló ń lọ, toyúntoyún. Ta ló wá purọ́? Agbádá – orúkọ tí mo sọ ọmọ orogún Ìyá Àgbà nìyẹn. Òun ló máa sanwó títẹ ìwé náà.
Ọkọ mi ní kí n panu mọ́.

Jímọ̀, 7
Agbádá wá jẹun. Ó ń fìka yọ ẹran léyín, ó ń nù ún sára ìwé yẹn, ó ń sọ fún Tíṣà pé kó fi kún un pé bàbá òun gbọ́ Haúsá. Ó ń rí mi lára. Mi ò lè jẹun alẹ́.

Sátidé, 8
Mo fa ìlà sábẹ́ "bá a di ẹrù". Tíṣà ní kí ni kò yé mi níbẹ̀?
"Ó yé mi, sà."
Ó wolẹ̀. Ó ní ẹni tó ń sanwó ẹ̀… Òun náà ń rí mi lára.

Sọ́ńdè, 9
Agbádá kó ẹbí jọ kí n kà á kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo kúnlẹ̀. Mo débi réluwéè. Ìyá Àgbà na ọrùn: "Ìyàwó, ṣé a ti débẹ̀?"
Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mo kà:
"Sùwéébátù ló ń gbé obì wọ réluwéè lọ Kánò."
Agbádá ní ìyàwó tí làálì ẹ̀ ò tíì ṣí ń pe ìyá ọkọ lórúkọ, ṣé orí mi pé? Ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀.
Ìyá Àgbà ní kó dákẹ́. Wọ́n ní látìgbà tí orogún àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn sétí àwọn mọ́.
"Tún un kà."
Mo tún un kà, sókè. Tíṣà ń wá báírò nínú àpò.