Mọ́tò Tí Kò Mọ̀ Pé Awakọ̀ Ti Sùn

Ojúlé 14, Òpópónà Adélabí,
Pápá Àjàó, Múṣín,
Èkó.
Ọjọ́ 20, Oṣù Kẹsàn-án, 1992.

Làbákẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí lẹ́tà mi láti ọjọ́ yìí.

O mọ̀ pé Bàbá Mùíz ra mọ́tò Amẹ́ríkà àlòkù kan. Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, ó ń fi gbé èrò, ó ń ṣe kabúkabú, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárìn. Bí títì bá já geere, tí eré sì tó bó ṣe fẹ́, á tẹ̀ ẹ́, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí wọ́n fi ń sáré. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń bá a fa wáyà tọ́tù náà. Bí mọ́tò bá ń gun òkè tí eré fẹ́ dínkù, á fà á sí i; bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á dẹ̀ ẹ́. Eré kan náà ni yóò máa bá lọ títí ẹsẹ̀ á fi kan bíréèkì. Orúnkún rẹ̀ tó máa ń ro ó wá rí ìsinmi.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá, à ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a ti lọ kí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn Ṣágámù ló tẹ bọ́tìnnì. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Mo wò ó, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Tírélà kan tó bàjẹ́ sì wà lójú ọ̀nà wa lọ́ọ̀ọ́kán, àmọ́ mọ́tò ò mọ̀ pé ẹni tó ń wa òun ti sùn, eré kan náà ló ń bá lọ. Mo pè é, kò gbọ́. Ìjókòó gbọọrọ kan ló wà níwájú mọ́tò náà, ni mo bá sún mọ́ ọn, mo fa sitiárìn, mo na ẹsẹ̀ kọjá tirẹ̀, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. A yà wọ inú koríko, a forí sọ òkìtì kan, a dúró. Ọwọ́ mi rọ́, iwájú mọ́tò tẹ̀ wọnú díẹ̀.

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ nígbà tó jí tí mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè ṣe é. Ó ní, “Ìyá Mùíz, ó ti rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí, mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún èmi.

Ọláṣùpọ̀ tó ń ṣe wáyà mọ́tò ní àdúgbò wa yẹ ohun tó ń fa tọ́tù náà wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Bàbá Mùíz ní kó ṣáà já wáyà bọ́tìnnì náà. Ó ti fi kabúkabú sílẹ̀. Ọbẹ̀ wa á ṣàn díẹ̀ sí i, a mọ̀. Ó sì ń kọ́ mi ní mọ́tò wíwà.

Bá mi kí Màmá, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Lánàá ni mo kọ́kọ́ wa mọ́tò láti Ìlúpéjú délé, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo páàkì tán tí mo yíjú sí i, ó ti sùn lọ. Mo pa mọ́tò, mo jókòó tì í. Mi ò jí i.

Èmi ni, tìrẹ bíi ti àtijọ́,
Sìdíkàt.