Nítorí Pápá Tí Mo Ru Bíríkì Kọ́

Yunxia ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Shenzhen? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun? Ọ̀run á máa ṣọ́ yín, owó dókítà ò ní jáde lápò yín. Ara àwa náà le. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà tí a ní ń yé ẹyin mẹ́rin lójúmọ́. Méjì kàn ń jẹun lásán ni.

Ọ̀rọ̀ ńlá tó wà nílẹ̀ ni ti pápá ìṣeré àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wa. Wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí a kọ́ pápá yẹn. Ogún bíríkì ni mò ń rù lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mọ́kànlá lóòjọ́, fún ọjọ́ méjìlélọ́gọ́ta. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀, 13,640 ni.

Wọ́n wá lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá, àwòrán onígun mẹ́rin dúdú àti funfun wà lórí rẹ̀. Mo wò ó títí, mo rí i pé àwòrán ilé ìtajà náà ni, bí ẹyẹ ṣe máa rí i láti òkè. Yàrá wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, kò sí ọ̀nà tó já síta, yàrá ńlá mẹ́ta wà ní igun mẹ́ta, wọn ò fi nǹkan kan sí igun kẹrin. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì àdúgbò, mo ní èèyàn á sọnù sínú ilé yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Baba Qiu, ẹ má fẹ̀rín pa mí, ìbò la fi ń dì, ẹ gbé fóònù yín síwájú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè jáde lóòótọ́: kí pápá dúró, àbí kí wọ́n wó o? Mo tẹ kí ó dúró.

Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ní òun ti tẹ tòun láàárọ̀, kí wọ́n wó o! Ó ní ilé ìtajà á ní afẹ́fẹ́ tútù lọ́fẹ̀ẹ́, pé ọdún mọ́kànlá lòun ti ń bẹ̀ mí kí n ra ẹ̀rọ amúlétutù, kí n lọ gbé bíríkì mi mọ́ra sùn. Yunxia, ilé wa ti di ọ̀kan sí ọ̀kan. Àfi bí ẹni pé mi ò dìbò rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, torí tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ìyá rẹ á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ìdìbò parí. Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé àwòrán náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, òun ló wà nínú lẹ́tà yìí. Tẹ tìrẹ, kí ọkọ rẹ náà tẹ, kí ẹ sì tètè dá a padà, nítorí láti àná ni àwọn ará àdúgbò ti ń dúró níwájú ihò tó kù lára ìwé náà, tí wọ́n ń gbé fóònù sókè sódò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Jọ̀ọ́, fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin yuan ránṣẹ́ fún ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò ní yé sọ ọ́.

Ohun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ kọ́, wọn ò ní wó o lójú rẹ.

Èmi baba rẹ,
Qiu Dezhong