Ihò Kékeré Orí Ṣokoléètì

                                        Ilé Alágbàlá Gígùn,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ ẹ̀pà dàgbà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tí ó fi kọ ní àtẹ̀gùn ti jinná? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tí o sọ pé kì í jẹun bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé ọdún wá, ọdún lọ, o kò gbọ́ ohùn mi. Má bínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́dún yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù, nítorí ogiri létí, etí ogiri tiwa sì jẹ́ ti àwọn àbúrò mi.

Ara Bàbá wa le. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán bàtà ṣì ń dún níwájú ilé láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà tí wọ́n ń rán kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́sàn-án tí Ìyá wa ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti dín kù gan-an. Nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ́ tábìlì ọdún de àwọn, ọdún ti bá ìyàwó àwọn lọ. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Bí bàbá tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́ nínú ọdún, ohun tó kù tí yóò yọwọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ni mo bá dábàá pé kí á ṣe ṣokoléètì ẹlẹ́pà. Ó dájú pé o rántí rẹ̀: ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi bọ́tà àti ṣúgà pò, tí a yí roboto bí ọmọ ayò, tí a wá rì bọ inú ṣokoléètì yíyọ́. Ọdọọdún, ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, Ìyá wa a ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra wọn. Bàbá wa a ní àwọn ń lọ ra awọ, bí ẹni pé àwọn tó ń ta awọ kì í ṣọdún. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá wa a gbé àwo jáde, ìwọ a sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ọlọ́dẹ. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu Bàbá wa báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì kọjú síra wọn. Ẹ̀pà tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ láyé, inú ṣokoléètì yìí nìkan ni wọ́n ti lè jẹ ẹ́. Mo ní bí ohunkóhun bá lè gbé wọn wá sídìí tábìlì, òun ni.

A kò tíì fọ ìkòkò tí ìjà fi dé. Àbúrò mi ọkùnrin, Akọ̀wé, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́, ní òun nìkan ni Ìyá wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àbúrò mi obìnrin, Nọ́ọ̀sì, ní irọ́ gbuu ni, òun ni Ìyá wa pè sẹ́bàá ibùsùn tí wọ́n sọ ọ́ sí létí. Kí ni èmi náà wá ṣe? Mo ní èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Irọ́ ni mo pa. Jíjẹ nìkan ni mo mọ̀. Bí a ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta nìyẹn, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ iye ṣúgà tó ń wọ̀ ọ́.

Akọ̀wé ní kí á dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ ṣe alága, ó ní nítorí pé òun ni ọkùnrin. Ó tún fi ara rẹ̀ ṣe akọ̀wé, ó ní iṣẹ́ òun kúkú nìyẹn. Ní ìpàdé kìíní a gbàdúrà, a sì pe orúkọ àwọn tó wá, àwa mẹ́ta. Ní ìpàdé kejì a fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé kìíní. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Kálukú wa ló ń sọ̀yà, kò wá sí ọwọ́ tó ń po ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ ihò ni a fi ìpàdé kẹta jà sí. O kò ní gbàgbé pé gbogbo ṣokoléètì náà ló máa ń ní ihò tín-ín-rín kan lórí. Akọ̀wé ní ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ ìgúnni ni Ìyá wa fi ń fún oyin sínú rẹ̀. Èmi ní àmì ìfẹ́ ni. Nígbà tí mo rántí pé mo ní ìkòkò lórí iná, mo dìbò fún ooru kí á lè túká. Ooru ló wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọdún pé. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́ ilé ìwòsàn, ó bo imú, ó sì ń fọ ọwọ́ ní ìṣẹ́jú méjì méjì bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí fún ẹ̀pà. Akọ̀wé kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ń kọ ohun tí a ń ṣe sílẹ̀. Mo ní kí á gbé àwọn ìṣù ẹ̀pà tí a ti yí sínú fìríìjì kí wọ́n le kí á tó rì wọ́n. Akọ̀wé ní Ìyá wa kò ní fìríìjì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí á má ba àṣà ilé jẹ́. A dìbò, mo fìdí rẹmi. Bí a ṣe ju ìkíní sínú ṣokoléètì gbígbóná, ó yọ́ mọ́ ọn, a kò sì tíì rí i títí di òní. Ìkejì lọ wá a, òun náà kò padà. Ibi tí a ti ń du ẹ̀mí ìkẹta ni omi ti kán láti ara ìbọ̀wọ́ Nọ́ọ̀sì sínú àwo. Ṣokoléètì tó ń dán bí bàtà tuntun bá ṣú, ó dì gbagidi bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Nọ́ọ̀sì ní ooru ló fà á. Akọ̀wé ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ni. Wọ́n jáde lọ sí àgbàlá láti ṣe ìpàdé pàjáwìrì.

Èmi nìkan ló kù, mo ń họ ìdí àwo, omijé ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe nítorí ṣokoléètì. Ṣe ló dà bí ẹni pé ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé bá ṣí. Bàbá wa ni. Wọ́n wo àwo, wọ́n wò mí.

"Ta ló da omi sí i?"

Mo ní, "Àṣìṣe ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Ìyá yín náà da omi sí i, lọ́dún tá a ṣègbéyàwó. Látọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́."

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n gbé ìṣù ẹ̀pà tó kù sínú fìríìjì láìbéèrè ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kí n yọ́ ṣokoléètì mìíràn. Nígbà tí ẹ̀pà le, wọ́n yọ aṣọ funfun kan láti inú àpò àyà wọn, wọ́n tú u. Irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu awọ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí mọ́ tónítóní, kò fojú kan bàtà rí. Wọ́n fi gún ìṣù kan, wọ́n rì í, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì rọra yọ ọ́ sórí bébà. Ihò náà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi kò padé. Gbogbo ọdún yẹn ni a ń rí àwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ èékánná wọn ní ọjọ́ ọdún. Ta ni yóò bi aránbàtà léèrè ohun tó kùn ún lọ́wọ́?

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi í pa mọ́ fún wa.

"Bẹ́líìtì ni mo fi tọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá rí mi nídìí ìkòkò, tí mò ń yí ṣúgà roboto, ta ló tún máa bẹ̀rù mi?" Wọ́n rì méjì sí i. "Ìyá yín ló ń bá mi tilẹ̀kùn, èmi á sì gba ẹ̀yìn wọlé. Mo lè ṣe é lọ́dún yìí o. Kò kàn sẹ́ni tó máa bá mi tilẹ̀kùn ni."

Mo nu ojú mi, mo lọ ti ilẹ̀kùn, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́ tí Akọ̀wé fi kàn án, ó ní ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Mo dá a lóhùn láti inú pé kó máa lọ, bí Ìyá wa ṣe kọ́ mi ni mo ń ṣe é.

Lọ́jọ́ ọdún, Bàbá wa wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, wọ́n wá jókòó sídìí tábìlì, wọ́n jẹ mẹ́rin. Akọ̀wé ní ooru gba ihò jáde dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ní ìmọ́tótó òun ló gbà á là. Àwọn méjèèjì wá gbà pé ọwọ́ Ìyá wa ni mo jogún. Bàbá wa gbójú sókè àjà, wọ́n ń rọra jẹ ẹ̀pà wọn lọ. Mo dúpẹ́ bí Ìyá wa ṣe máa ń dúpẹ́, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sọ fún un kó máa wo ilẹ̀. Bá mi kí ìyá rẹ àti gbogbo àwọn ọmọ. Mẹ́fà ló wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́ yìí, Bàbá wa fúnra wọn ló yan èyí tí ihò rẹ̀ dára jù. Bí o bá ti kà á tán, fi lẹ́tà yìí dáná. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀, sọ pé Ìyá wa ló kọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n ń dìde nídìí tábìlì lọ́jọ́ ọdún náà, Bàbá wa bi mí pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná wà. Mo fi hàn wọ́n lọ́rùn mi.

Èmi tìrẹ tí kì í yẹ̀,
Àkọ́bí Aránbàtà